Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú gbogbo àwọn tó ti ra jíìpù yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Àwa méje la wà nílé, èmi àti ọkọ mi, ọmọ mẹ́rin tí ìbejì wà nínú wọn, pẹ̀lú màmá ọkọ mi tí orúnkún máa ń dùn. Mọ́tò tá à ń lò ò gbà wá mọ́, la bá ní ká ra jíìpù àlòkù tó ní ìlà síìtì mẹ́ta. Mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo Toyota Highlander, Honda Pilot àti Nissan Pathfinder títí ojú fi ń ro mí, ńṣe ni wọ́n ń ta ko ara wọn. Ẹnìkan á ní Pilot òun ò fún òun ní wàhálà kankan rí, ẹlòmíì á ní gíà tòun ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi ní ká kúkú ra Toyota ká sinmi. Ta ni kí n gbà gbọ́ báyìí? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lẹ lè gbà gbọ́, wọn ò parọ́, wàhálà ibẹ̀ ni pé mọ́tò kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi Pathfinder ṣàlàyé ẹ̀. Èyí tó jáde láti 2005 dé 2012, orí férémù ni wọ́n gbé bọ́dì ẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ń ṣe ti pickup, gíà ẹ̀ sì jẹ́ ọtomátíìkì oníìpele 5. Nígbà tó di mọ́dẹ̀lì 2013 wọ́n ju férémù yẹn nù, wọ́n sì gbé gíà CVT sí i, ìyẹn gíà tí ò ní ìpele kankan, irin gbọọrọ kan ló ń yí láàárín pọ́lì méjì tó ń fẹ̀ tó tún ń sún mọ́ra. Nígbà tó wá di mọ́dẹ̀lì 2022 wọ́n yọ CVT kúrò, wọ́n fi ọtomátíìkì oníìpele 9 rọ́pò ẹ̀. Èèyàn mẹ́ta á jókòó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa pariwo Pathfinder, Pathfinder, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni mọ́tò tí kálukú wọn ń gùn, orúkọ nìkan ló papọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ ẹnìkan tí ò sọ ọdún mọ́tò ẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ń yìn ín àbí ó ń bú u, ẹ kàn fò ó kọjá jàre.

Nítorí náà orúkọ kọ́ lẹ fẹ́ rà o. Ọdún, gíà, àti ọwọ́ ẹni tó ti lò ó sẹ́yìn lẹ fẹ́ rà. Mo ti ń tún irú jíìpù yìí ṣe tipẹ́, mo sì ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ni wọ́n tipẹ́, kò sí ìkankan nínú mẹ́ta tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn tí mi ò rí èyí tó dáa gan-an nínú ẹ̀, kò sì sí ìkankan tí mi ò rí èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fowó rà.

Bí mo ṣe máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn olówó mọ́tò nìyí. Ẹni tó ra tiẹ̀ lóṣù tó kọjá, inú ẹ̀ ṣì ń dùn, òórùn lẹ́dà síìtì ló ń sọ fún yín, kò tíì mọ nǹkan kan nípa mọ́tò yẹn. Ẹni tí tiẹ̀ bàjẹ́ lánàá, ìbínú ló ń fi tẹ̀ ẹ́, òun náà kàn mọ ibi tó ń ta á ni. Ẹni tẹ́ ẹ ń wá ni ẹni tó ti lò ó kọjá 100,000 kìlómítà, tó lè sọ fún yín pé ìgbà báyìí ni mo pààrọ̀ òìlì gíà, nǹkan báyìí ló kọ́kọ́ bàjẹ́, èyí ló ń bí mi nínú títí dòní. Irú wọn kì í pariwo, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í gùn. Tẹ́ ẹ bá wá rí àwọn èèyàn tí ò mọra wọn rí, tí wọ́n ń ṣàpèjúwe àmì kan náà, lórí gíà kan náà, tí kìlómítà wọn sì súnmọ́ra, ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ dúró sí, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ oríire àbí oríburúkú, àìsàn mọ́tò yẹn gan-an nìyẹn.

Ó yá, ká mú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Pathfinder 2005 sí 2010, àìsàn ẹ̀ tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ wà nínú rédíétọ̀. Inú rédíétọ̀ yẹn kan náà ni òìlì gíà máa ń gbà kọjá kó lè tutù, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà òìlì, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà omi, ohun tó là wọ́n láàárín ló máa ń sán nígbà tó bá yá. Tó bá ti sán, omi á wọnú gíà, olówó mọ́tò ò sì ní mọ̀ torí iná kankan ò ní tàn, ìgbà tí gíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ló máa tó mọ̀, á sì ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i tí òìlì gíà ń jáde bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ má bá wọn ná an mọ́ rárá, ẹ yáa máa lọ ilé. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́n, wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀ yẹn kó tó sán, tàbí kí wọ́n ti gbé ọ̀nà òìlì gíà gba inú kúlà tó dá dúró, mọ́tò irú àwọn yẹn ṣì ń rìn dáadáa. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí, ọdún kan náà, mọ́tò kan náà, ẹnìkan ń yìn, ẹnìkan ń sunkún, rédíétọ̀ ló fa ìyàtọ̀.

Ti 2013 àti 2014, CVT ni ẹjọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà á jẹ́jẹ́, láàárín 30 sí 70 kìlómítà ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ sì rọra tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, á máa gbọ̀n tìtìtì, bí ẹni pé ẹ ń gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn mọ̀ sí i, wọ́n sún wáráǹtì gíà yẹn síwájú fún àwọn tó rà á. Àwọn tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ ò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n CVT kì í fẹ́ ìyà, kì í fẹ́ kí wọ́n kó èèyàn méje àti ẹrù sínú ẹ̀ kí wọ́n máa fi gun òkè nínú oòrùn lójoojúmọ́, kì í sì í fẹ́ òìlì mìíì yàtọ̀ sí tiẹ̀. NS-3 ni wọ́n kọ sí i, NS-3 náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ rọ sí i. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti rọ òìlì ọtomátíìkì lásán sínú CVT torí pé ẹni tó ń tà á ní ìkan náà ni gbogbo wọn. Kì í ṣe ìkan náà o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ méje, mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ ra ti 2013 tàbí 2014, bó ti wù kí wọ́n dínwó ẹ̀ tó. Tówó yín bá ká ti 2022 sókè, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Pilot wá ńkọ́. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mò ń fì sí. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀, V6 (ìyẹn onísílíńdà 6) lítà 3.5, alágbára ni, kì í tètè kú, àmọ́ táímìn bẹ́líìtì ló ní, ìyẹn okùn tó ń mú kí písítìn àti fáàfù bára wọn rìn, kì í ṣe ṣéènì. Rọ́bà ni bẹ́líìtì, rọ́bà sì máa ń gbó, kódà tí mọ́tò ò bá rìn. Bíi 160,000 kìlómítà tàbí ọdún 7 ni wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Tó bá já lẹ́nu ìrìn, písítìn á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Òun náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń pààrọ̀ bẹ́líìtì, wọ́tà pọ́ǹpù àti ohun tó ń fa bẹ́líìtì le pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí iṣẹ́ títú ẹ̀ ló gba àkókò. Ẹni tó ní Pilot òun ò fún òun ní wàhálà rí, ẹ bi í léèrè, ṣé ó ti pààrọ̀ bẹ́líìtì? Tó bá ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ má sì ra tiẹ̀.

Nǹkan kejì lára Pilot ni ètò tí wọ́n fi ń dín epo kù. Tẹ́ ẹ bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì á pa àwọn sílíńdà kan, á máa fi 3 tàbí 4 rìn nínú 6, tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀ á jí. Ó dáa lórí ìwé. Lójú ayé, àwọn sílíńdà tó ń sùn tó ń jí yìí, pàápàá lára àwọn Pilot tó jáde láàárín 2009 sí 2013, òìlì máa ń jò gba ara ríìngì wọn kọjá, á lọ bo pílọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa kọsẹ̀, òìlì ẹ́ńjìnnì á sì máa dínkù láìjẹ́ pé ó ń kán sílẹ̀. Máńtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, náà máa ń tètè lọ torí gbígbọ̀n yẹn. Àwọn olówó mọ́tò kan ti wá ọgbọ́n sí i, wọ́n á fi wáyà kékeré kan sójú sẹ́nsọ̀ tó ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná tó, kò ní pa sílíńdà kankan. Epo á pọ̀ sí i díẹ̀. Mi ò bá wọn jà lórí ẹ̀.

Gíà Pilot gan-an wá ni ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ti ń kọlu ara wọn jù. Láàárín 2016 sí 2020, irú gíà méjì ló wà lára Pilot, oníìpele 6 wà lára àwọn tí ò wọ́n, oníìpele 9 wà lára àwọn olówó ńlá. Ẹ ò nílò mẹkáníìkì kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà wo àárín síìtì méjèèjì níwájú, tó bá jẹ́ ọ̀pá gíà lẹ rí, oníìpele 6 nìyẹn, tó bá jẹ́ bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀, oníìpele 9 ni. Oníbọ́tìnì yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ráhùn ní, pé ó ń ta, pé tí wọ́n bá ń rọra lọ ó máa ń ro ó kó tó yí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣe tó sì rọlẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ fi kó ọmọ, èyí tó ní ọ̀pá gíà ni mo máa mú, bẹ́ẹ̀ òun ló wà lára àwọn tí ìjókòó àárín wọn gùn láti apá kan dé apá kejì, tó gba èèyàn mẹ́jọ, ó kúkú bá tiyín mu. Òìlì wọn náà yàtọ̀ síra o. DW-1 ni ti oníìpele 6, oníìpele 9 ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, wọn ò ṣeé fi rọ́pò ara wọn.

Ó kan Toyota tí ọkọ yín ní kẹ́ ẹ rà kẹ́ ẹ sinmi. Kò jìnnà sóòótọ́ o. V6 tó wà nínú Highlander láti 2008 dé 2016 wà lára àwọn ẹ́ńjìnnì tó le jù tí mo mọ̀, ṣéènì ló ní, kò sí bẹ́líìtì tó ń ká yín lára. Àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn ní ọ̀já òìlì kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe láàárín, tó bá bẹ́, òìlì á tú dànù kíákíá kẹ́ ẹ tó rí ibi páàkì sí, àwọn tó ṣe é sì pe ọ̀pọ̀ padà láti fi onírin pátápátá rọ́pò ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́tà pọ́ǹpù ẹ̀ náà máa ń jò tó bá ti pẹ́, ẹ̀ ń rí nǹkan pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó gbẹ mọ́ ara irin níbẹ̀, òun nìyẹn. Lọ́dún 2017 wọ́n tún ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe, wọ́n sì gbé gíà oníìpele 8 sí i. Láti mọ́dẹ̀lì 2023 ni V6 ti lọ, tọ́bò lítà 2.4 oníísílíńdà 4 ló gba ipò ẹ̀, agbára ẹ̀ lórí ìwé kéré sí ti V6, agbára ẹṣin 265 ni tiẹ̀, 295 ni ti V6, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè fà láti ìsàlẹ̀. Àwọn tó ti lo V6 tẹ́lẹ̀ ń sọ pé ohùn ẹ̀ ò dùn mọ́, èmi ò rò pé ohùn ló yẹ kó ká yín lára.

Ohun tí mi ò gbà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ yín ni sísinmi yẹn. Orúkọ Toyota ti ba ọ̀pọ̀ Toyota jẹ́. Ẹni tó gbà pé mọ́tò òun kì í kú, kì í wo òìlì ẹ̀, á ní ṣebí Toyota ni, á máa lọ, òìlì á dúdú, á ki, á di ẹrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, kò ní mọ̀, tó bá di pé ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárọ̀ á fọ̀ ọ́ dan, á gbé e jáde fún títà, ẹni tó bá fẹ́ sinmi ló máa rà á. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní Pathfinder, nítorí ẹ̀rù tí wọ́n ti dá bà á, ó ń pààrọ̀ òìlì gíà kó tó tó àkókò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ le díẹ̀ ni, kẹ́ ẹ lè rí i pé Highlander tí wọ́n fi ìyà jẹ ò sàn ju Pilot tí wọ́n tọ́jú lọ, ó sì wọ́nwó jù ú lọ.

Hybrid ẹ̀, ìyẹn èyí tó ń fi epo àti iná bátìrì rìn pọ̀, ńkọ́? Tówó yín bá ká a, ó dáa. Highlander hybrid ti 2020 sókè, lórí ìwé bíi lítà 6.5 sí 7 ló ń jẹ lórí 100 kìlómítà, V6 ń jẹ tó lítà 10. Bátìrì ńlá ẹ̀ ò rọrùn láti pa bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n fáànù kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ojú ihò ẹ̀ wà lábẹ́ síìtì ẹ̀yìn, fíltà sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ máa ń ju báàgì, súwẹ́tà àti ọ̀rá bisikíìtì sí. Tí ihò yẹn bá dí, bátìrì á máa gbóná, ẹ̀mí ẹ̀ á sì kúrú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ fíltà yẹn, ọ̀pọ̀ olówó mọ́tò ò sì mọ̀ pé ó wà.

Àwọn míì tí wọ́n lè fi lọ̀ yín, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ford Explorer onílítà 3.5 tó jáde láti 2011 sí 2019, inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́tà pọ́ǹpù ẹ̀ wà, ṣéènì ló ń yí i, tó bá jò, inú òìlì lomi ń lọ. Mazda CX-9 àkọ́kọ́, ẹbí ẹ́ńjìnnì yẹn ló lò, àìsàn kan náà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ àyàfi tí ìwé bá wà pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Kia Telluride àti Hyundai Palisade, láti mọ́dẹ̀lì 2020, àyè pọ̀ nínú wọn dáadáa, àwọn ìdílé tó ń lò wọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ ráhùn, tówó bá wà ẹ wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àyè wá ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká jókòó lé, torí ibẹ̀ ni àwọn olówó mọ́tò kì í ti í sọ òótọ́ tó, kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́, ẹni méjì àti ọmọ kan ni ọ̀pọ̀ wọn, wọn ò jókòó sí ìlà kẹta rí. Wọ́n á kọ ọ́ pé àyè pọ̀. Àyè ta ni? Ìlà kẹta Highlander, ọmọdé ló wà fún. Ilẹ̀ ẹ̀ ga, ìjókòó ẹ̀ wálẹ̀, orúnkún àgbàlagbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Àwọn tó ń ṣe é náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé Grand Highlander jáde ní mọ́dẹ̀lì 2024, ìyẹn fẹ̀ dáadáa lẹ́yìn. Ti Pilot gbà ju ti Highlander lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè jókòó síbẹ̀ ní ìrìn wákàtí méjì kó má bá yín jà.

Màmá ọkọ yín ò gbọ́dọ̀ dé ìlà kẹta láé, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlà kejì ni ti màmá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lápá ibi tí ẹ̀ ń páàkì sí jù kó má baà máa la ojú títì kọjá. Ẹ gbé màmá dání tẹ́ ẹ bá ń lọ wo mọ́tò. Ẹ má kàn bi í pé ṣé ó dáa, á ní ó dáa kó má baà da yín láàmú. Ẹ jẹ́ kó wọlé, kó jáde, kó tún wọlé, kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ ẹ̀. Tó bá ń wá ibi tó máa dì mú kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, jíìpù yẹn ga jù fún un, ẹ máa ní láti so pẹpẹ ìtẹ̀sẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Èyí tó ní táyà íńṣì 20 kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́ èèyàn lára tó ti íńṣì 18, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tín-ín-rín, gbogbo kòtò ni màmá máa mọ̀, ẹ̀yin náà á mọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra táyà tuntun. Íńṣì 18 ni kẹ́ ẹ wá.

Ìbejì ńkọ́? Ẹ ò sọ ọjọ́ orí wọn. Tí wọ́n bá ṣì ń lo síìtì ọmọdé, ẹ so àwọn síìtì yẹn mọ́ mọ́tò náà kẹ́ ẹ tó sanwó, gbogbo ẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti so síìtì ọmọ mọ́ ìlà kejì, ìjókòó yẹn ò ní lè ṣẹ́ po síwájú mọ́, ẹni tó fẹ́ lọ sí ìlà kẹta á wá máa gun orí nǹkan kọjá. Lára àwọn tí ìjókòó àárín wọn jẹ́ méjì tó dá dúró, ọ̀nà wà láàárín, àwọn ọmọ á kàn gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ẹ ti pàdánù àyè ẹnìkan nìyẹn, méje gééré lẹ wá jẹ́, kò ní sí ibi tẹ́ ẹ máa gbé àlejò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ̀rọ̀ ìjókòó àárín tó gùn yẹn fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka orí, kẹ́ ẹ fi orúkọ sórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, ẹni báyìí níbí, ẹni báyìí lọ́hùn-ún, tí kò bá ti ṣeé yà sórí ìwé, kò ní ṣeé ṣe nínú mọ́tò.

Kẹ́ ẹ sì rántí ẹrù. Tí gbogbo ìjókòó bá dúró, búùtù ò ní pọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìlà kẹta Highlander ti 2020, bíi lítà 450 ló kù, ti Telluride tó 600. Lójú mi, 450 yẹn gba báàgì ilé ìwé ọmọ mẹ́rin àti kúlà kékeré kan, ó tán. Tẹ́ ẹ bá máa ń rin ìrìn àjò gbogbo yín pa pọ̀, ẹrù orí mọ́tò ló kù, ìyẹn sì ń fi kún epo.

AC ẹ̀yìn náà, torí ọmọ tó wà ní ìlà kẹta ò ní wíńdò tó ń ṣí. Páìpù tó ń gbé gáàsì lọ sẹ́yìn gùn, abẹ́ mọ́tò ló gbà kọjá, òkúta àti ìpẹtà máa ń lù ú. Ẹni tó fẹ́ tà á fún yín á tan AC, iwájú á tutù nini, ẹ̀ ẹ́ máa jókòó níwájú ẹ̀ ẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ sójú ihò ibẹ̀.

Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kẹ́ ẹ tó dé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ó ti tan án, ẹ bi í pé kí ló dé. Ẹ́ńjìnnì tó tutù ló ń sọ òótọ́, ariwo kíríkírí ti ìṣẹ́jú àáyá kan péré nígbà tẹ́ ẹ bá ṣáná sí i, ara ṣéènì àti ẹ̀rọ tó ń darí fáàfù ló ti ń wá, tó bá ti gbóná kò ní dún mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ ki sìkánà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé sìkánà ń ka kóòdù, ìyẹn àmì àléébù tí kọ̀ǹpútà mọ́tò fi pamọ́, nǹkan tí wọn ò mọ̀ ni pé ó tún ń sọ iye kìlómítà tí mọ́tò ti rìn látìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí i pé kò sí kóòdù kankan, ẹ má tíì yọ̀, ẹ yí i lọ síbẹ̀ yẹn. Tó bá kọ kìlómítà 6, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná kan láàárọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó dé ni. Ẹ bi í léèrè iná wo ni, kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. Mo fẹ́ràn apá yìí o, mi ò ní parọ́.

Kẹ́ ẹ wo nọ́ḿbà VIN náà, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ mọ́tò, lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17 ni, ìkẹwàá nínú ẹ̀ ló ń sọ ọdún mọ́dẹ̀lì, G ni 2016, H ni 2017, J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020. Ẹni tó ní 2018 lòun ń tà, tí ìkẹwàá sì jẹ́ G, ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀. Nọ́ḿbà yẹn náà lẹ máa fi wò ó lójú ewé àwọn tó ṣe mọ́tò bóyá wọ́n pè é padà fún àtúnṣe kan tí olówó ẹ̀ ò gbé e lọ. Tó bá jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, ẹ rí i pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbó bákan náà, méjì tuntun méjì gbígbó ń pa gíà tó ń pín agbára sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Ó dáa, kí lèmi máa rà tó bá jẹ́ èmi ni mo ní ilé yín? Pilot tó ní ọ̀pá gíà, oníìpele 6, 2017 sí 2020, táyà íńṣì 18, ìjókòó àárín gbọọrọ, pẹ̀lú ìwé tó sọ ọjọ́ àti kìlómítà tí wọ́n pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì, tí ìwé yẹn ò bá sí, kẹ́ ẹ yọ owó bẹ́líìtì, wọ́tà pọ́ǹpù àti iṣẹ́ ọwọ́ kúrò nínú iye tó ń pè, kẹ́ ẹ sì ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ má ní ẹ máa rí i tó bá yá. Tí ọkọ yín bá dúró lórí Toyota, Highlander 2014 sí 2019, V6, kò burú rárá, àwọn ọmọ tó kéré jù ló máa lọ ìlà kẹta, ẹ̀ ẹ́ sì gbà pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ga, ẹ máa tún wá òmíì. Tówó bá tó Grand Highlander, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ nípa ìlà kẹta Toyota.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀kan tó wù yín, ẹ fi ọdún ẹ̀, kìlómítà ẹ̀, fọ́tò àárín síìtì iwájú àti ohun tí sìkánà kọ ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó ìdúró. Ma bá yín wò ó.